Lọ́wọ́ Ta Ni O Ti Gbà Á?
Kùtúbà Jímọ̀ lórí fóònù, ìmọ̀ àti ọ̀rọ̀ tí à ń fi ṣọwọ́

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá ènìyàn, tí ó fún un ní ahọ́n, tí ó sì ṣí ọ̀nà ìmọ̀ sílẹ̀ fún un. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń rọ ara wa, a sì ń rọ ẹ̀yin náà, pé kí a páyà Ọlọ́hun ní gbangba àti ní kọ̀rọ̀. Ní ayé àwọn bàbá wa, kọ̀rọ̀ ni inú yàrá tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa. Lóde òní, kọ̀rọ̀ ti di ohun tí ènìyàn ń gbé lọ sí àárín ọjà. Ó wà nínú àpò wa, ó wà ní àtẹ́lẹwọ́ wa. Ìka kan ni a fi ń ṣí i, ìka kan náà ni a sì fi ń tì í. Nítorí náà ni a ṣe yan ọ̀rọ̀ fóònù àti ayélujára fún ìjókòó tòní. A kò wá láti bú ohun èlò, nítorí ohun èlò kò ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn. Ìbéèrè tí a fẹ́ jọ gbé yẹ̀ wò nìyí: ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kọ, tí àwa kàn fi ṣọwọ́ síwájú, ǹjẹ́ a ó bi wá léèrè rẹ̀?

Ìdẹ̀ra tí Ọlọ́hun ṣe fún wa

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dúpẹ́, nítorí ẹni tí kò mọ oore kò lè mọ ojúṣe tí oore náà gbé lé e lórí. Kí ó tó di oṣù August ọdún 2001 tí àwọn iléeṣẹ́ fóònù alágbèéká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, gbogbo okùn tẹlifóònù tí ó wà ní orílẹ̀-èdè yìí kò tó mílíọ̀nù kan. Ẹni tí ìyá rẹ̀ kú ní Ìṣẹ́yìn nígbà tí òun wà ní Kánò lè má gbọ́ títí àdúà ọjọ́ kẹjọ yóò fi kọjá. Lónìí, ìyá tí ń ta tòmátì ní ọjà Bódìjà lè bi awakọ̀ tí ń kó ẹrù bọ̀ láti Òkè Ọya léèrè ibi tí ó dé, kí ó tó gbéra nílé. Ọmọ tí ó wà ní London tàbí Houston lè jókòó níwájú fóònù, kí ó máa ka kéwú fún àáfà tí ó wà ní Ìlọrin, kí àáfà sì máa tún un ṣe ní ohùn àti ní ìwọ̀n.

Nígbà tí àrùn Kòrónà mú kí ìjọba ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní oṣù March ọdún 2020, rédíò àti tẹlifíṣàn ni àwọn ìpínlẹ̀ kan fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn jọ sórí WhatsApp, wọ́n ń gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n sì ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ẹ̀kọ́ kò kú tán, nítorí ohun èlò yìí. Ṣùgbọ́n a tún rí i pé ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní fóònù, tàbí tí kò rí owó dátà rà, jókòó sílé ní tirẹ̀. Èyí fi hàn wá pé ẹni tí ó bá ra dátà fún ọmọ aláìní kí ó lè kẹ́kọ̀ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ti kan ọ̀kan nínú sàdákà tí ó yẹ ìgbà wa.

Oṣù kan náà, ohun èlò kan náà

Ní ogúnjọ́ oṣù July ọdún 2014, àrùn Ebola wọ ìlú Èkó. Nínú oṣù August tí ó tẹ̀lé e, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba orí fóònù káàkiri Nàìjíríà. Ó ní kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀, pé àrùn náà kò ní lè ràn wọ́n. Òru ni àwọn ènìyàn ń pe ara wọn jí. Ọmọ ń pe ìyá, ẹ̀gbọ́n ń pe àbúrò, aládùúgbò ń kan ilẹ̀kùn aládùúgbò. Ìmọ̀ràn náà kò sì ní òtítọ́ kankan nínú. Iyọ̀ kì í wo Ebola. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru tẹ́lẹ̀ ni ó máa ń pa lára. Kí oṣù náà tó parí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kìlọ̀ fún gbogbo ayé, wọ́n sì mẹ́nu kan ìròyìn pé ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Ẹ fọkàn bá wa lọ. Ta ni ó pa àwọn méjì yìí? Ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ náà kò mọ̀ wọ́n, bóyá kò sì gbọ́ orúkọ wọn rí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ti ọwọ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn wọn, tí ó sì ní nọ́ńbà wọn. Ìfẹ́ ni ó gbé irọ́ náà wọlé tọ̀ wọ́n.

Ní àkókò kan náà, fóònù ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ láti ilé dé ilé ní Èkó àti Port Harcourt, ìbéèrè kan ni wọ́n sì ń bi gbogbo ẹni tí wọ́n bá bá: ta ni o fara kàn, ta ni ó fara kàn ọ́? Wọ́n tọ okùn náà títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ ènìyàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900, wọ́n ń ṣọ́ olúkúlùkù fún ọjọ́ 21, wọ́n sì ń fi fóònù alágbèéká sọ ohun tí wọ́n rí fún àwọn ọ̀gá wọn kíákíá. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 nínú wọn sì kú. Kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn. Ní ogúnjọ́ oṣù October ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé àwọn kan béèrè ibi tí nǹkan ti wá, àwọn kan kò sì béèrè.

Àwáwí mẹ́ta

Bí a bá bi ẹni tí ó fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣọwọ́, àwáwí mẹ́ta ni a sábà máa ń gbọ́.

Èkíní ni pé, “Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́.” Àwọn àgbà wa ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́: ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Ẹni orí àjà kò lè bá epo dé ibi kankan láìsí ọwọ́ tí ó nà sókè. Àwọn onímọ̀ wa sì fi ìtàn irọ́ tí wọ́n pa mọ́ ìyá wa Aisha kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan náà. Àwọn tí ó dá irọ́ náà sílẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìbáwí tí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú Suratun-Nur kan àwọn tí ó ń gbà á láti ahọ́n dé ahọ́n pẹ̀lú, àwọn tí ó rò pé nǹkan kékeré ni nígbà tí ó jẹ́ nǹkan ńlá lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Èkejì ni pé, “Èrò rere ni mo ní.” Òtítọ́ ni pé àníyàn ni a fi ń wọn iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó fẹ́ wo ọmọ rẹ̀ sàn kì í ki ọwọ́ bọ àpò nínú òkùnkùn, kí ó fa ìgò tí ó bá bá a pàdé yọ, kí ó sì dà á sí ọmọ lẹ́nu. Ìfẹ́ rẹ̀ sí ọmọ ni yóò mú kí ó tan iná, kí ó ka ohun tí a kọ sára ìgò. Àníyàn rere tí kò mú wa wádìí kò tíì pé. Nítorí náà ni Suratul-Hujurat ṣe pa á láṣẹ pé bí ẹni tí kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé bá mú ìròyìn wá, kí a wádìí rẹ̀, kí a má baà fi àìmọ̀kan pa àwọn kan lára, kí àbámọ̀ sì kẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé, “Gbogbo ènìyàn ni ó ti ń fi í ránṣẹ́.” Àwáwí yìí ni ó jọ ìmọ̀ jù, nítorí àwọn onímọ̀ hádíìsì náà máa ń ka iye àwọn tí ó gbé ọ̀rọ̀ wá, bí wọ́n bá sì pọ̀ ní gbogbo ìpele, ọ̀rọ̀ náà máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tí olúkúlùkù gbọ́ ní tirẹ̀ ni wọ́n ń kà. Bí ẹgbẹ̀rún ọwọ́ bá da ọ̀rọ̀ kọ láti ẹnu ẹnì kan ṣoṣo, ẹlẹ́rìí kan náà ni gbogbo wọn ṣì jẹ́. Àwọn tí ó ni WhatsApp gan-an mọ èyí. Ní ọdún 2019, wọ́n dín in kù pé ènìyàn kò lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣọwọ́ sí ju ibi márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù April ọdún 2020, wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ tí ó bá ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá, ibì kan ṣoṣo ni kí ó máa lọ lẹ́ẹ̀kan. Àmì ọfà méjì tí wọ́n ń fi sórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òǹtẹ̀ òtítọ́. Ìkìlọ̀ ni.

Ẹnì kan lè wí pé, “Bí olúkúlùkù bá ní láti wádìí kí ó tó sọ̀rọ̀, ta ni yóò ké nígbà tí iná bá ń jó?” Ìbéèrè náà tọ́. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹni tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí iná, kí ó ké, kí ó sì dárúkọ ara rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ pé iná ń jó, kí ó sọ ẹni tí ó sọ fún un, kí ó sì kọ́kọ́ lọ bá ẹni tí ó lè rí òótọ́ ibẹ̀, dípò igba ènìyàn tí wọn kò lè ṣe ju kí wọ́n sá kọlu ara wọn. Bí ewu tí ọ̀rọ̀ lè fà bá ṣe tó ni ìwádìí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe tó. Àwòrán ìgbéyàwó kò béèrè ẹlẹ́rìí mẹ́rin. Orúkọ olè, oògùn àìsàn àti ìròyìn ìjà láàárín ẹ̀yà méjì béèrè púpọ̀.

Ìmọ̀ ní orísun

Ẹ̀yin ará wa, ohun tí à ń wí nípa ìròyìn náà ni ó rí fún ẹ̀kọ́. Nígbà tí Sheikh Adam Abdullah al-Ilori dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952, kí ó tó gbé e lọ sí Agége, ìlànà kíláàsì tí ó gbé kalẹ̀ ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wàláà àti tàdáwà ti mọ́ lára. Lónìí, kò sí ẹni tí ó ń bá kíláàsì jà. Ohun èlò yí padà, ṣùgbọ́n olùkọ́ ṣì jókòó, akẹ́kọ̀ọ́ ṣì kà fún un, olùkọ́ ṣì wí pé, “Kò rí bẹ́ẹ̀, tún un kà.” Gbólóhùn yìí ni ọkàn ẹ̀kọ́. Fídíò kò lè sọ ọ́ fún ẹni tí ń wò ó. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ ni, yálà ó yé wa tàbí kò yé wa.

Nítorí náà, kí fóònù jẹ́ wàláà wa, kí ó má jẹ́ àáfà wa. Ẹni tí ó bá gbọ́ wáàsì ìṣẹ́jú méjì lórí TikTok, kí ó gbé e lọ bá onímọ̀ tí ó mọ̀ ọ́n, kí ó béèrè ohun tí ó ṣáájú àti ohun tí ó tẹ̀lé e, kí ó tó fi dá ẹjọ́ ilé ara rẹ̀. Ọmọ tí ó bá da ìdáhùn kọ láti orí ayélujára lè gba máàkì, ṣùgbọ́n máàkì nìkan ni yóò bá lọ sílé.

Kùtúbà kejì

A tún dúpẹ́ fún Ọlọ́hun, a sì tún tọrọ ìkẹ́ fún Ànábì Rẹ̀, ẹni tí ó kìlọ̀ fún wa pé bí ènìyàn bá ń sọ gbogbo ohun tí ó bá gbọ́, ìyẹn nìkan tó láti sọ ọ́ di òpùrọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú nǹkan mẹ́ta lọ sílé. Kí a tó fi ọ̀rọ̀ kankan ṣọwọ́, kí a bi ara wa pé: lọ́wọ́ ta ni mo ti gbà á, ta ni yóò sì farapa bí kò bá jẹ́ òótọ́? Bí ìdáhùn àkọ́kọ́ kò bá sí, kí ọ̀rọ̀ náà dúró lọ́dọ̀ wa. Èkejì, kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ ojú ẹ̀rọ máa jókòó ti àwọn ìyá àti bàbá yín, kí ẹ bá wọn wádìí ohun tí ó dé sórí fóònù wọn, pẹ̀lú sùúrù, láì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ni wọ́n kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó bá ti fi irọ́ ránṣẹ́, kí ó padà sí gbogbo ibi tí ó fi í sí, kí ó sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyin ni ọ̀rọ̀, lóòótọ́, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹyin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì lè gbá ilẹ̀ náà, kí ẹlòmíràn má baà yọ̀ ṣubú.

Ọlọ́hun, Ìwọ Ọba tí ó mọ ohun tí ó wà ní kọ̀rọ̀, ṣọ́ ahọ́n wa, ṣọ́ ìka ọwọ́ wa. Fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tí ó wúlò àti olùkọ́ tí yóò tọ́ wọn sọ́nà. Má jẹ́ kí ìfẹ́ wa di ohun tí yóò pa àwọn tí a fẹ́ràn. Dárí jì wá, dárí ji àwọn òbí wa, kí O sì kẹ́ àwọn òkú wa. Àmín.