Ẹ̀rín tí wọ́n fi irọ́ wá

Ọ̀rọ̀ sinimá ni mo gbé wá lónìí, kí àwọn àgbà má bínú sí mi.

Ní ìparí ọdún 2006, mo wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní London. Ó ní ká lọ wo Borat, fíìmù tó gbòde nígbà yẹn. Sacha Baron Cohen ló ṣe é: ọmọ London, Júù, ó sì ka ìtàn ní yunifásítì Cambridge. (Èmi náà ka ìtàn. Ẹ jẹ́ kí n fi yangàn díẹ̀.) Ó dá irunmú sí, ó pe ara rẹ̀ ní oníròyìn láti Kazakhstan, ó wá ń kiri Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀ ò mọ̀ pé eré ni. Wọ́n fọwọ́ síwèé o, àmọ́ wọn ò mọ irú fíìmù tí wọ́n ń fọwọ́ sí.

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ibì kan wà tí àwọn gbajúmọ̀ òyìnbó ní gúúsù Amẹ́ríkà ti gbà á lálejò oúnjẹ alẹ́. Ó lọ sílé ìgbẹ́, ó sì gbé ìgbẹ́ rẹ̀ sínú ọ̀rá padà wá sídìí tábìlì. Wọ́n fara dà á! Ìyá kan níbẹ̀ mú un lọ, ó fi sùúrù kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìgbà tí obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó múra bí aṣẹ́wó wọlé, tó ní Borat ló pe òun, ni àsè tú ká, ọ̀rọ̀ di ti ọlọ́pàá. Ẹ lè ní iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ̀, kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gba ìgbẹ́, wọn ò gba èèyàn.

Níbẹ̀ ni mo ti rántí Èṣù Ọ̀dàrà àti fìlà aláwọ̀ méjì. Ẹ mọ ìtàn náà: ọ̀rẹ́ méjì tí oko wọn kojú síra, Èṣù gba àárín kọjá, ọ̀kan rí pupa, èkejì rí dúdú, ni ìjà bá dé. Fìlà kọ́ ló bí ìjà yẹn. Ó ti wà nínú wọn tẹ́lẹ̀. Irú irọ́ bẹ́ẹ̀, èmi ò bá a wí.

Àmọ́ ẹ padà síbẹ̀rẹ̀ fíìmù. Abúlé tó pè ní ilé rẹ̀ ní Kazakhstan, Glod ni, ní Romania, àwọn Roma tó tálákà ló ń gbé ibẹ̀. Ó sọ ọkùnrin kan di afipábánilòpọ̀, ó sọ obìnrin kan di aṣẹ́wó. Àwọn ará Glod ní ohun tí wọ́n sọ fún àwọn ni pé fíìmù nípa ìgbésí ayé àwọn ni. Wọ́n pẹjọ́ ní New York, ẹjọ́ ò dúró. Kazakhstan pàápàá kọ́kọ́ bínú, àmọ́ ní 2020 wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí Borat máa ń sọ polówó orílẹ̀-èdè wọn fún arìnrìn-àjò. Ẹni tó ní epo rọ̀bì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Glod ńkọ́? Kí ni irọ́ yẹn fà yọ nínú wọn, yàtọ̀ sí òṣì tí gbogbo èèyàn ti ń rí?

Ẹ̀rín kan náà ni mo rín sí méjèèjì. Ìyẹn ló ń dà mí láàmú.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan wá dífá lọ́dọ̀ mi. Ó ní ìyàwó òun ń di ológbò lóru, ó ń sunkún kíkorò. Fóònù wà lápò àyà rẹ̀, ó ń ká mi sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo ti di ẹ̀fẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Inú bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́: Ifá tó jáde lọ́jọ́ yẹn sọ̀rọ̀ irọ́, ó sọ ọ́ gbangba, èmi ni mo gbójú fò ó torí ẹkún ọmọ náà. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá Glod ni mí, tàbí ilé àwọn gbajúmọ̀ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi fi fídíò náà ránṣẹ́ sí mi láti London. “Àbúrò, ṣé ìwọ nìyí?” Ó ti rẹ́rìn-ín tẹ́rùn kó tó béèrè.