Òṣómàáló àti Ẹnu Ọ̀nà Aládùúgbò



Kò sí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó ti gbọ́njú tí kò mọ orúkọ náà, Òṣómàáló. Àwọn kan a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀, àwọn mìíràn a máa fi yangàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà nínú orúkọ náà fún ọkàn wa, pàápàá ní àkókò yìí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyá àti ọ̀dọ́ ní Òṣogbo àti ní Iléṣà ti fi yàrá ilé wọn ṣe ìsọ̀, tí wọ́n sì ń gbé ọjà kiri láti ojúlé dé ojúlé: aṣọ, ìkòkò, ọṣẹ, ìpara àti oògùn inú ike. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Kì í ṣe inú ilé ìsìn nìkan ni a ti ń sin Ọlọ́run. A ń sìn ín, tàbí a ń ṣẹ̀ ẹ́, ní ẹnu ọ̀nà aládùúgbò wa pẹ̀lú.

Ọdún 1877 ni ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1886 ni a fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1893 kí àwọn jagunjagun tó tú ká kúrò ní ibùdó. Nígbà tí ọ̀nà là tán, apá tí ì bá gbé ìbọn wá ń gbé ẹrù. Ní ọdún 1907 ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo, àwọn ilé ìṣòwò òyìnbó sì tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà a máa ra aṣọ ní Òṣogbo, ní Ìbàdàn àti ní Èkó. Wọn a dì í ní ìdì, wọn a gbé e lé orí, wọn a sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Èkìtì, sí Àkókó, sí Ìgbómìnà, sí Kàbà, títí dé ilẹ̀ Tápà. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ dé, wọ́n gun kẹ̀kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. D. Y. Peel, tí ó kọ ìwé lórí ìtàn àwọn Ìjẹ̀ṣà ní ọdún 1983, kò gbàgbé wọn nínú ìwé náà.

Àwọn oníṣòwò wọ̀nyí kò dúró de oníbàárà ní ọjà. Ilé ni wọ́n ń bá a. Àgbẹ̀ tí kò tíì kórè kò ní owó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ aṣọ tí yóò wọ̀. Òṣómàáló a fún un ní aṣọ náà ní àwìn, kí ó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ àdéhùn bá pé, a padà wá. Bí àgbẹ̀ bá ní kí ó máa lọ ná, a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà, a ní lílóṣòó ni òun óò wà títí owó òun yóò fi jáde. Láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni orúkọ náà ti wá. Ẹ ṣàkíyèsí pé lílóṣòó ni, kì í ṣe jíjókòó. Ẹni tí ó bá jókòó ti di àlejò. Ẹni tí ó lóṣòó ń wí fún onílé pé òun kò bá ti ìṣeré wá.

Àṣà náà ní bàbá. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ṣàlàyé bí olówó ayé àtijọ́ ti í máa rán ológò lọ dógò ti ajigbèsè, kí ó máa yọ gbogbo agbo ilé lẹ́nu títí a óò fi wá owó náà kàn. Àtìjú ni agbára ológò, àtìjú náà sì ni agbára òṣómàáló. Ọmọ Yorùbá tòótọ́ lè fara da ebi. Kò lè fara da kí aládùúgbò máa wo olówó ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ǹjẹ́ kí ni Ìjọ Mímọ́ wí sí irú òwò yìí? Lákọ̀ọ́kọ́, kò kẹ́gàn rẹ̀ rárá. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ pa àgọ́ láti fi bọ́ ara rẹ̀, kí ó má baà di ẹrù lé ìjọ lórí. Lìdíà, ẹni tí ó kọ́kọ́ gba Ìhìn Rere ní Fílípì, aṣọ àlùkò ni ó ń tà, òwò rẹ̀ ni ó sì fún un ní ilé tí ó gba àwọn Àpọ́sítélì sí. Ní ìlú Cremona ní ilẹ̀ Ítálì, Homobonus Mímọ́ jẹ́ oníṣòwò aṣọ. Ó ní aya, ó ní òwò, ó sì fi púpọ̀ nínú èrè rẹ̀ bọ́ àwọn tálákà. Ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 1197 ni ó kú sí ibi Mísà. Kò tó ọdún méjì lẹ́yìn náà tí Pọ́ọ̀pù Innocent Kẹta kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́, ní ọdún 1199. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni ènìyàn rere. Àwa ìbá pè é ní ọmọlúàbí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tijú pé òun ń gbé ọjà kiri. Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́.

Ṣùgbọ́n Ìwé Mímọ́ kò fi ewu òwò pamọ́ fún wa. Ìwé Síráákì, ní orí 27, fi ẹ̀ṣẹ̀ wé èèkàn tí a gbá sí àárín òkúta méjì: bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe há sí àárín ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà. Ẹ jẹ́ kí a wo òkúta méjèèjì, kí a má ṣe fi ọ̀kan sílẹ̀.

Ìwọ tí ń tà, ẹnu rẹ ni a óò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà tàbí ní Ọjà Ọba, oníbàárà lè kúrò níwájú ìsọ̀ rẹ lọ sí ti ẹlòmíràn, kí ó fi ọjà wé ọjà. Ní ilé rẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ nìkan ni ó ní. Nígbà tí o bá wí fún arúgbó kan pé oògùn inú ike yìí wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti gbogbo àrùn, tí arúgbó náà sì tìtorí ọ̀rọ̀ rẹ pa oògùn tí dókítà fún un tì, kì í ṣe owó rẹ̀ nìkan ni o gbà. Ó lè jẹ́ ẹ̀mí rẹ̀. Òfin Ọlọ́run kẹjọ kọ irọ́ fún wa. Kò sì sí àyè kan nínú òfin náà fún irọ́ tí ń mú èrè wá.

Lẹ́yìn náà, iye owó. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé kí o gba èrè, nítorí ẹsẹ̀ rẹ rìn, oòrùn sì pa ọ́. Ṣùgbọ́n kí o sọ iye tí ọjà jẹ́ ní owó lọ́wọ́, àti iye tí yóò jẹ́ ní àwìn, kí oníbàárà tó nawọ́ gbà á. Kí o kọ ọ́ sínú ìwé méjì, ọ̀kan fún ọ, ọ̀kan fún un. Ìyá arúgbó tí kò mọ̀wé ni kí o bá lò bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ tí ó mọ̀wé dúró tì í.

Ẹ̀kẹta ni ìfẹ́ ará. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ ibòmíràn tí à bá ti tajà bí kò ṣe láàárín ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àwọn tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ ní ìjọ. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí arábìnrin rẹ bá ra ìkòkò kìkì nítorí pé ojú ń tì í láti kọ̀ fún ọ, o kò ta ìkòkò. Ìfẹ́ tí ó wà láàárín yín ni o tà. Kí ó lè wí pé òun kò fẹ́, kí ẹ sì jọ rẹ́rìn-ín síbẹ̀.

Ẹ sì ṣọ́ra fún òwò tí kò ní ọjà nínú. Bí a bá ní kí o san owó kí o tó wọlé, tí gbogbo èrè rẹ sì ń ti ara àwọn tí o mú wọlé wá, èyíinì kì í ṣe òwò. Owó ẹni ìkẹyìn ni a fi ń san ti ẹni àkọ́kọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, nígbà tí MMM ti ilẹ̀kùn owó mọ́ àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ni ó sọkún, àwọn tí ó sì mú ìyekan wọn wọ inú rẹ̀ kò lè gbójú sókè wò wọ́n.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dé ibi ìlóṣòó náà. Nínú ìwé Diutarónómì, orí 24, òfin wà pé bí ẹnì kan bá yá ọmọnìkejì rẹ̀ ní ohunkóhun, kò gbọdọ̀ wọ inú ilé rẹ̀ lọ gba ògò. Ìta ni kí ó dúró, kí ajigbèsè fúnra rẹ̀ gbé ògò náà jáde wá bá a. Bí ó bá sì jẹ́ aṣọ ìbora tálákà ni, kí ó dá a padà kí ó tó di alẹ́, kí ẹni náà lè rí nǹkan fi sùn. Ẹ wo bí òfin náà ti gún régé! Ọlọ́run kò wí pé kí olówó má ṣe béèrè owó rẹ̀. Ó fún un ní àyè láti dúró ní ìta. Ṣùgbọ́n ó fi ẹnu ọ̀nà ṣe ààlà, nítorí pé iyì ènìyàn wà lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà náà, gbèsè kò sì ra iyì yẹn. Nítorí náà, dúró, béèrè, padà wá ní ọjọ́ kejì. Má ṣe kígbe kí àdúgbò gbọ́, má ṣe bú u lójú àwọn ọmọ rẹ̀, má sì ṣe gbé àwòrán rẹ̀ sórí fóònù kí gbogbo ayé máa wò ó. Bí o bá rí i pé àìsàn tàbí ikú ọkọ ni ó gbé owó náà lọ, fún un ní àyè. Sùúrù òṣómàáló ni kí a jogún. Kí a fi líle ọkàn sílẹ̀.

Ó wá kan ìwọ tí ó jẹ gbèsè. Má ṣe rò pé ìwàásù yìí ti dá ọ sílẹ̀. Ká ní obìnrin kan ra ìró mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦4,000, tí ó sì tà wọ́n ní ₦4,500. Owó tí ó fi ra ọjà jẹ́ ₦40,000. Bí ẹni mẹ́sàn-án bá san tiwọn, ₦40,500 ni yóò wọlé. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò san ti fi ₦500 péré sílẹ̀ fún un lẹ́yìn gbogbo làálàá. Bí ó bá di ẹni méjì, ó ti wọ inú gbèsè, bẹ́ẹ̀ owó àjọ tàbí owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni ó sì fi ṣòwò. Aṣọ tí o wọ̀ wá sí Mísà, tí o kò sì san owó rẹ̀ nígbà tí o ní i lọ́wọ́, òfin Ọlọ́run keje ní orúkọ tí ó ń pè é. Àwọn àgbà pẹ̀lú wí pé bí ẹni tí ó jalè lẹ́ẹ̀kan bá dàrán borí, aṣọ olè ni ó dà bora.

Ohun kan sì tún wà tí ó burú jù ú lọ. Nígbà tí o bá rí olówó lọ́ọ̀ọ́kán, tí o sá wọ yàrá, tí o sì rán ọmọ rẹ kékeré jáde kí ó wí pé, “Màmá kò sí nílé,” o ti fi ẹnu ọmọ náà san owó aṣọ. Ọmọ tí a kọ́ ní kátíkísímù lọ́jọ́ Sunday, a tún kọ́ ọ ní irọ́ lọ́jọ́ Monday, ìyá rẹ̀ gan-an sì ni olùkọ́. Gbèsè ìró lè tán ní oṣù mẹ́ta. Ẹ̀kọ́ yẹn lè bá ọmọ náà dàgbà.

Ìjọ Mímọ́ kọ́ wa pé ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kò mú gbèsè kúrò lọ́rùn ẹni tí ó lágbára láti san án. Sákéù kò wí fún Jésù pé òun ronú pìwà dà nìkan. Ó sọ iye tí òun yóò dá padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí ẹni tí ń tajà ṣí ìwé rẹ̀, kí ó wo bóyá ẹnì kan wà tí òun sọ àsọdùn fún, kí ó lọ ṣe àtúnṣe. Kí ẹni tí ó jẹ gbèsè má ṣe dúró kí olówó tó wá lóṣòó. Kí ó wọ bàtà rẹ̀, kí ó lọ sí ẹnu ọ̀nà olówó. Bí gbogbo owó kò bá pé, kí ó mú ìdajì lọ; bí ìdajì kò bá sí, kí ó mú òtítọ́ lọ, kí ó sì dá ọjọ́. Olúwa wa fúnra rẹ̀ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkàn wa, ó ń kànkùn, kò sì fi ipá wọlé. Kí Ó bá wa nílé nígbà tí Ó bá dé, kí a má sì rán ọmọ jáde sí I.

Kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín. Àmín.