Kí Ni Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣe?

Ní ọdún 2004, nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kú, kò jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa mọ́. Bí wọ́n bá ti ń tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, á rọra dìde níbi ìjókòó rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, á bọ́ síta. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, òórùn rẹ̀ sì ti kọjá ohun tí lọ́fíńdà lè bò. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú, mo ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Àbúrò mi, ìwọ lo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì. Kí ni mo ṣe?"

Mo sọ ìtàn Jóòbù fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó kọjú sí ògiri.

Jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ni. Ọkọ kan ṣoṣo ló mọ̀. Yàrá kan náà la jọ sùn títí ó fi wọlé ọkọ, mo lè búra. Síbẹ̀, níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa fà mí sẹ́yìn, ó ní ṣé kò rìn ìrìnkurìn nígbà èwe, torí irú àìsàn yẹn kì í déédéé ṣeni.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1842, dókítà ará Ítálì kan, Domenico Rigoni-Stern, yẹ ìwé àkọsílẹ̀ òkú ìlú Verona wò. Ó rí i pé jẹjẹrẹ ilé ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ pa àwọn sísítà ilé ìjọsìn Kátólíìkì. Àwọn tó ti wọlé ọkọ ló ń pa. Ó di 1983 kí Harald zur Hausen àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Jámánì tó rí kòkòrò HPV oríṣi 16 nínú jẹjẹrẹ náà, wọ́n sì rí oríṣi 18 ní 1984. Àwọn méjèèjì ló wà nídìí nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ. Wọ́n fún zur Hausen ní ẹ̀bùn Nobel ní 2008. Orí rédíò ni mo ti gbọ́. Mo pa sítóòfù, mo jókòó.

Ọ̀pọ̀ jù lọ ẹni tó bá ti mọ ọkùnrin tàbí obìnrin rí ni yóò kó kòkòrò yìí lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán. Láàárín ọdún kan sí méjì, ara a máa lé e lọ fúnra rẹ̀. Lára àwọn díẹ̀ ni kì í ti í lọ: á so àwọn aṣọ́bodè tó ń dá ẹran ara lẹ́kun lọ́wọ́, á sì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún. Kì í béèrè ìwé ìgbéyàwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ ìyà ni, a jẹ́ pé ilé ọkọ gan-an lẹ̀ṣẹ̀.

Ara tù mí fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni mo dójú lé ọkọ rẹ̀. Òun ló gbé e wálé! Fún ọdún méje, bí a bá pàdé lóde àríyá, orúnkún kan ni mo fi ń kí i. Ó ti darúgbó, kò mọ ohun tó ṣe mí, ó sì ń fi ẹran ránṣẹ́ sí mi lọ́dọọdún. Kòkòrò tí kì í yúnni, tí kì í dunni, tí ẹnikẹ́ni kò yẹ ọkùnrin wò fún. Bóyá kó tó mọ ẹ̀gbọ́n mi rárá ló ti wà lára rẹ̀. Ohun tí obìnrin ẹgbẹ́ wa ṣe ni èmi náà ń ṣe, orúkọ ni mo kàn pààrọ̀.

Èdè wa kò da okùnfà pọ̀ mọ́ ẹ̀bi. Okùn kì í mọ ohun tí òun ń fà bọ̀. Ẹni tí a bá dá lẹ́bi, ó yẹ kó ti mọ̀, kó sì ti rí ọ̀nà mìíràn gbà. Okùn ni àwọn onímọ̀ wọ̀nyí rí, àwa ẹlẹ́sìn la fi so èèyàn mọ́ igi. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù bi í léèrè nípa ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní afọ́jú, òun ló ṣẹ̀ ni, àbí àwọn òbí rẹ̀. Ó kọ méjèèjì. Ó ti ju ogún ìgbà lọ tí mo kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ náà. N kò kíyè sí i pé kò ní kí wọ́n lọ wá ẹnì kẹta.

Ẹ̀bi wà ṣá o. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo ní ká má tíì sọ fún dókítà. Oṣù mẹ́jọ la fi gbààwẹ̀. Bẹ́ẹ̀, lónìí, nọ́ọ̀sì lè fi ọtí kíkan pa ọrùn ilé ọmọ, kí ibi tó ń bàjẹ́ funfun níṣojú rẹ̀ nígbà tó ṣì ṣeé wò. Ọtí kíkan, tí à ń kà nínú ìtàn àgbélébùú lọ́dọọdún! Síbẹ̀, a kì í lọ ṣe àyẹ̀wò náà, aṣọ ẹgbẹ́ la ṣì ń rà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ìjọba gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára kòkòrò HPV dé fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14, torí ó sàn kó ṣáájú kòkòrò náà dé ara. Ọmọ ọmọ mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìyá rẹ̀ pè mí: "Màámi, wọ́n ní á jẹ́ kí àwọn ọmọ náà máa ṣe ìṣekúṣe." Mo ní kó fọwọ́ sí i, èmi fúnra mi ni mo mú un lọ. Nígbà tó kàn wá, ó rí abẹ́rẹ́, ó di ìró mi mú.

"Màmá, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan," mo ní. "Na apá."