Ṣé Ó Yẹ Kí Jagunjagun Sọ Gbogbo Ohun Tí Ojú Rẹ̀ Rí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú bá rí ni ẹnu ń sọ. Mo gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ láìjanpata tẹ́lẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pálọ̀ bàbá mi àgbà ló jẹ́ kí n tún un rò.

Ṣọ́jà ni Bàbá nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1967, tó sì parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970. Ẹ̀ka Recce ní Abẹ́òkúta ni wọ́n wà. Láyé Ọ̀yọ́ Ilé, ẹṣin ni akọni ń gùn lọ sógun. Nígbà tiwọn, ọkọ̀ ogun onírin bíi Ferret àti Saladin ti gba ipò ẹṣin. Saladin ni Bàbá ń wà. Ẹni mẹ́ta ló máa ń wà nínú rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ fún wa ni pé ọ̀tá dáná sun ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n àwọn gbé ẹni tó ń yìnbọn jáde láàyè.

Ní Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Ọmọ Ogun lọ́dún tó kọjá, ẹni kẹta wọn wá. Wọn kò tíì fojú kanra láti ìgbà tí ogun ti parí. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti pariwo, "Dẹ̀rẹ́bà!" Bàbá tó ń fi ọ̀pá rìn dìde láìmú ọ̀pá. Wọ́n sọ̀rọ̀ ọ̀gá tó le, wọ́n sọ ti ẹ̀wà tó ní kòkòrò, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Àwa ọmọ bẹ Bàbá pé kí wọ́n sọ ìtàn ọkọ̀ tó jóná. Wọ́n sọ ọ́. Àlejò náà tẹ́tí sí i dópin, ó wá rọra ní, "Dẹ̀rẹ́bà, a fi í sílẹ̀. A sá ni."

Pálọ̀ pa lọ́lọ́. Bàbá wolẹ̀. "Òótọ́ ni. Ó ń pe orúkọ mi."

Inú bí mi sí àlejò yẹn. Ṣebí Yorùbá ló ní iwájú ni ẹ̀ṣọ́ fi ń gbọgbẹ́? Kí ló dé tó fi dójú ti arúgbó níwájú ọmọ-ọmọ rẹ̀? Àwọn kan yóò sọ pé irọ́ tí kò pa ẹnikẹ́ni lára kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó pa ẹnì kan lára. Ẹni tó kú sínú ọkọ̀ ní ìyá. Nínú ìtàn tiwa, kò tilẹ̀ kú, nítorí náà kò sí ẹni tó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Bí àwọn méjì tó kù bá yí i padà, ta ni yóò sọ tirẹ̀?

Ó pa àwa náà lára. "Ó le kú, ìjà Orè" ni à ń sọ bí ìdánwò ìṣirò bá le. Ìjà tó wáyé ní Orè lóṣù Kẹjọ ọdún 1967 ló bí ọ̀rọ̀ náà. Bí àwọn tó rí ogun bá ń sọ kìkì èyí tó dùn, eré ni ogun yóò jẹ́ létí wa.

Mo tún ronú sí ọ̀rọ̀ àlejò náà. Kò ní "o sá". "A sá" ló ní. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí Bàbá ti ń dá ẹrù yìí rù. Ẹni tí wọ́n jọ sá nìkan ló lè bá wọn gbé e.

Èmi kò sọ pé kí a máa fipá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu arúgbó. Ẹni tó dákẹ́ kò purọ́. Òwe àwọn àgbà ṣì dúró: ẹnu kò gbọdọ̀ sọ gbogbo ohun tí ojú rí. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹnu bá yàn láti sọ, kí ó jẹ́ ohun tí ojú rí.

Ọjọ́ náà ni a kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ẹni tó jóná. A ti ń dá a nínú àdúrà ilé wa báyìí. Bàbá ló ń ṣe àmín rẹ̀ sókè jù.