Ogún Ọmọdé àti Ogún Ọdún: Kí Ni A Jẹ Àwọn Tí A Jọ Kàwé?

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Òwe yìí kò bú ẹnikẹ́ni. Bí ayé ti rí ni ó sọ. Ìgbéyàwó, iṣẹ́, àìsàn àti ìrìn àjò a máa tú ẹgbẹ́ ká. Síbẹ̀, ní ìlú Lomé àti níbi gbogbo tí àwọn ọmọ Tógò tẹ̀ dó sí, a rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ti jáde ní yunifásítì láti 30 tàbí 40 ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ṣì ń wá ara wọn kiri. Wọ́n ń ṣe ìpàdé, wọ́n ń dá owó jọ, wọ́n ń sin òkú ara wọn. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lójú ewé yìí nìyí: ṣé gbèsè ni? Ṣé ẹni tí ó jókòó tì mí ní kíláàsì fún ọdún mẹ́ta péré ní ẹ̀tọ́ kan lára mi títí dọjọ́ ikú, tàbí ohun tí mo bá ṣe fún un jẹ́ oore tí mo lè ṣe, tí mo sì lè ṣàì ṣe?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ irú àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Ní ọdún 1965, Tógò àti Dàhòmì jọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Institut d'Enseignement Supérieur du Bénin. Wọ́n pín in sí ọ̀nà méjì: ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ wà ní Lomé, ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì wà ní Àjàṣẹ́. Ọmọ Kétu tí ó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ èdè lè wá bá ara rẹ̀ ní Lomé, lórí àga kan náà pẹ̀lú ọmọ Ifẹ̀ ti Atakpamé, kí àwọn méjèèjì sì rí i pé Ilé-Ifẹ̀ ni ìtàn baba àwọn ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún 1970, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ti Tógò gba orúkọ Université du Bénin. Nígbà tí ó di ọdún 1975, Dàhòmì náà yí orúkọ ara rẹ̀ padà sí Bénin, bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ Lomé ṣe wá ń jẹ́ orúkọ orílẹ̀-èdè aládùúgbò títí di ọdún 2001, tí wọ́n sọ ọ́ di Université de Lomé. Ẹ má sì gbàgbé pé Nàìjíríà náà ní University of Benin tirẹ̀. Ẹni tí ó gba ìwé ẹ̀rí ní Lomé kí ó tó di ọdún 2001 ní ìwé kan lọ́wọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ náà kò jẹ́ orúkọ tí ó wà lórí rẹ̀ mọ́. Ta ni yóò jẹ́rìí sí i pé ibẹ̀ ni ó ti kàwé lóòótọ́? Àwọn tí wọ́n jọ kà á ni.

Lẹ́yìn náà ni ìjì dé. Ní oṣù kẹta ọdún 1991, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Lomé wà lára àwọn tí wọ́n jáde sí títì láti béèrè ìyípadà. Láàárín oṣù keje àti oṣù kẹjọ ọdún náà, àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè wáyé, Philippe Kpodzro tí í ṣe Bíṣọ́ọ̀bù Atakpamé nígbà náà ni ó sì ṣe alága rẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1992, ó gba nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Ìbọn ró ní Lomé ní oṣù kìíní ọdún 1993, àwọn ènìyàn tí wọ́n sá lọ sí Gánà àti Bénin lé ní 200,000. Nínú ẹgbẹ́ kan náà tí ó jọ jókòó síwájú olùkọ́ kan náà, ẹnìkan di aláṣẹ, ẹnìkan di ìsáǹsá. Nítorí náà, nígbà tí irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí bá tún jókòó pọ̀ lẹ́yìn 30 ọdún, kì í ṣe eré ọmọdé ni wọ́n ń ṣe.

Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n ará Gíríìkì, ẹni tí Tọ́másì Aquinas Mímọ́ kọ àlàyé sí ìwé rẹ̀, sọ pé oríṣi mẹ́ta ni ìbáṣọ̀rẹ́: èyí tí èrè so pọ̀, èyí tí ìgbádùn so pọ̀, àti èyí tí ìwà rere so pọ̀. Ó ní èyí tí èrè so pọ̀ ni ẹjọ́ àti àròyé máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọjọ́ tí èrè bá sì tán ni òun náà ń tán. Ó tún béèrè ìbéèrè kan tí ó fara pẹ́ tiwa. Bí ọ̀rẹ́ méjì bá bẹ̀rẹ̀ pọ̀ láti kékeré, tí ọ̀kan dàgbà nínú òye, tí èkejì wà bí ó ti wà, ṣé kí ẹni tí ó tẹ̀ síwájú máa ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí? Ó dáhùn pé wọn kò lè bá ara wọn rẹ́ bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́, ṣùgbọ́n nítorí ohun tí ó ti wà láàárín wọn, ó yẹ kí ó ya ọ̀rẹ́ àtijọ́ sọ́tọ̀ díẹ̀ sí àjèjì. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n "díẹ̀" yẹn gan-an ni ìṣòro wa. Báwo ni díẹ̀ náà ti pọ̀ tó?

Mo rò pé èdè wa fi ọ̀nà kan hàn wá tí Aristotle kò rí. Nínú èdè Gíríìkì, "ìwọ" ni a ń pe ọba, "ìwọ" ni a ń pe ẹrú. Lọ́dọ̀ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ẹni tí ó ti pé 65 ọdún. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ti kú, ilẹ̀ sì ti mu àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Aya rẹ̀ ń pè é ní Bàbá Lágbájá. Àwọn ọmọ ń dọ̀bálẹ̀ kí i. Níbi iṣẹ́ "Monsieur le Directeur" ni. Gbogbo ayé ló ń kí i pé "ẹ ǹlẹ́ o". Ta ni ó kù tí yóò wò ó lójú tí yóò pè é ní "ìwọ"? Àwọn tí wọ́n jọ kàwé nìkan ni. Àwọn ni wọ́n mọ orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, wọ́n mọ ìgbà tí bàtà kan ṣoṣo ni ó ní, wọ́n sì mọ ẹni tí ó wà kí oyè tó dé. Bí ó bá ń ṣi agbára lò, bí ó bá lé ìyàwó sílé tàbí tí ó fi ẹ̀tọ́ du ọmọ òrukàn, ẹnìkan nínú wọn lè pè é sẹ́yìn kí ó sọ pé: "Ohun tí o ṣe yìí kò dára." Kí a bá ẹni tí ó ṣìnà wí jẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ àánú ti ẹ̀mí tí Ìjọ Mímọ́ ń kọ́ wa. Kò rọrùn fún ọmọdé láti ṣe é fún àgbà. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé gbèsè wà lóòótọ́, àti pé òtítọ́ ni a kọ́kọ́ jẹ ara wa kí ó tó kan owó.

Ọ̀rọ̀ owó gan-an ló ń tú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ká. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n dín iye owó sẹ́fà kù: 50 sẹ́fà ni a ti ń fi ra faransi Faransé kan tẹ́lẹ̀, ó di 100. Láàárín alẹ́ ọjọ́ kan, owó oṣù ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní Párísì di ìlọ́po méjì bí a bá fi wé ti ẹnìkejì rẹ̀ tí ń kọ́ ọmọ ní Anié, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tí ó ṣiṣẹ́ ju bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ nínú àwọn méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: bí àwọn méjì yìí bá wà nínú ẹgbẹ́ kan, tí ẹni tí ó wà ní Párísì sì dábàá iye tí kálukú yóò máa san, iye tí ó rò pé ó kéré ni yóò jẹ́ owó oúnjẹ ilé ẹni tí ó wà ní Anié. Olùkọ́ náà kò ní jiyàn. Yóò kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà kò ní wá sí ìpàdé mọ́, wọn yóò sì yọ orúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọn yóò gbọ́ pé ó ti kú, wọn yóò sì jiyàn bóyá ó tọ́ sí òdòdó tàbí kò tọ́ sí i.

Ẹnìkan yóò sọ pé bí kò bá sí ìdáwó, ta ni yóò san owó ilé-ìwòsàn, ta ni yóò ra pósí? Òótọ́ ni. Àjọ gbọ́dọ̀ ní òfin, ẹni tí kò dá èsúsú kò lè kó o. Ṣùgbọ́n ìwé méjì ni ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ kó ní: ìwé owó àti ìwé orúkọ. Ẹni tí kò san lè jáde nínú ti àkọ́kọ́, kò sí ẹni tí ó ní àṣẹ láti yọ ọ́ nínú ti èkejì, nítorí kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kò jókòó sí kíláàsì náà. Ìwé Katikísímù ti ọdún 1992, ní ìpínrọ̀ 1939, fún ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ọmọ ènìyàn ní orúkọ mìíràn, ó pè é ní ìbáṣọ̀rẹ́. Kò sì sọ pé àwọn tí ó lè san nìkan ni ó wà fún. Ibi kan sì wà tí gbèsè yìí kò dé. Adájọ́ kò jẹ ẹni tí wọ́n jọ kàwé ní ìdájọ́ èké, aṣọ́bodè kò jẹ ẹ́ ní ẹrù tí kò san owó orí. Ẹni tí ó bá béèrè irú rẹ̀ lórúkọ ọ̀rẹ́ ti sọ ọ̀rẹ́ di ọjà.

Ó kù ti ìjà. Ní nǹkan bí ọdún 350 sí 356, Basil Mímọ́ àti Gregory Mímọ́ ti Nazianzus jọ kàwé ní Áténì, wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn púpọ̀. Julian náà kàwé ní Áténì ní ọdún 355, ẹni tí ó di ọba ní Róòmù ní ọdún 361 tí ó sì kọ ẹ̀sìn Kristi sílẹ̀. Gregory kọ̀wé gbígbóná takò ó. Ẹ rí i pé jíjọ kàwé nìkan kò sọ ènìyàn di ọ̀rẹ́. Basil gan-an sì ṣẹ Gregory. Nígbà tí ó di bíṣọ́ọ̀bù àgbà, ó fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ bíṣọ́ọ̀bù Sasima ní ọdún 372, ìlú kékeré oríta kan tí kò ní láárí, kí ó lè di ẹ̀yìn ara rẹ̀ mú nínú ìjà tí ó ń bá bíṣọ́ọ̀bù mìíràn jà. Gregory rò pé ọ̀rẹ́ òun fi òun ṣe irinṣẹ́. Kò jókòó sí Sasima. Basil kú ní ọdún 379. Nígbà tí Gregory wá sọ̀rọ̀ ìrántí rẹ̀, ó yìn ín, ó sọ ìtàn Áténì, ó sì tún dárúkọ ẹ̀dùn ọkàn náà níbẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn. Mo fẹ́ràn èyí ju bí ì bá ti dákẹ́ lọ. Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà ní apá kejì ní ọdún 1993 kò ní láti sọ pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí ó tó lè bá a jókòó. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní ni Ìjọ ń ṣe àjọ̀dún àwọn méjèèjì pa pọ̀.

Francis Xavier Mímọ́ náà ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Párísì ni òun, Ignatius àti Peter Faber ti jọ gbé yàrá kan. Nígbà tí ó wà ní erékùṣù Ìlà Oòrùn, ó gé orúkọ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn kọ sí lẹ́tà, ó sì ń gbé wọn kiri lára. Ignatius kọ̀wé ní oṣù kẹfà ọdún 1553 láti pè é padà wálé. Francis ti kú ní oṣù kejìlá ọdún 1552, létí Ṣáínà. Lónìí, ìṣẹ́jú àáyá kan ni ọ̀rọ̀ fi ń ti Lomé dé Montréal. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń fi àwòrán "ẹ kú òwúrọ̀" ránṣẹ́ sí 90 ènìyàn lójoojúmọ́ lórí WhatsApp lè ṣàì mọ̀ pé ẹnìkan nínú wọn ti wà lórí ibùsùn láti oṣù mẹ́ta. Ìpè ẹyọ kan ju àwòrán ọgọ́rùn-ún lọ.

Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ 20 ọdún nígbà tí wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Lomé àti Àjàṣẹ́ ní ọdún 1965 ti pé 80 ọdún. Nǹkan bí 150 kìlómítà ni ó wà láàárín Lomé àti Kútọnu, ẹsẹ̀ àgbà kò sì gba ẹnubodè Hilakondji bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, gbogbo nọ́ńbà tẹlifóònù Bénin ni wọ́n ti fi 01 kún níwájú. Èyí tí ó wà nínú ìwé àtijọ́ kò lè wọlé bí a kò bá fi í kún un.