Ta Ni Ó Ni Ẹ̀ṣẹ̀ Tí A Bò Mọ́lẹ̀?

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n tí ẹ ń múra sílẹ̀ láti gba Sákráméntì Ìrìbọmi, nígbà tí a bá ń kọ́ yín ní Òfin Mẹ́wàá, ìbéèrè kan a máa wáyé: bí ẹnìkan bá dẹ́ṣẹ̀, tí ẹlòmíràn mọ̀ ṣùgbọ́n tí ó dákẹ́, ta ni ó ni ẹ̀ṣẹ̀ náà? Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí àwọn ọmọ Issaba fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Benin ti àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 17 lọ dé Niamey, ní orílẹ̀-èdè Niger, fún ìdíje. Wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán egungun ọrùn-ọwọ́ wọn, nítorí egungun kì í purọ́ bí ìwé. Mẹ́wàá nínú wọn ti ju ọjọ́ orí náà lọ. Wọ́n lé gbogbo ikọ̀ náà kúrò. Nígbà tí wọ́n padà dé Kútọnu, ìjọba mú àwọn mẹ́wàá náà. Ní ọdún 2019 ilé-ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi, àti ẹni tí ó ti jẹ́ ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wa rí.

Ẹ kíyèsí i pé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ní àbùkù bá wọn padà sílé. Àwọn kan ní ìwà ìkà ni èyí. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Bí ikọ̀ náà bá ti borí, gbogbo wọn ni ìbá pín èrè irọ́ náà. Ẹni tí a gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, a kò tíì jẹ ẹ́ níyà. Ẹ̀wọ̀n ni ìyà, ti ẹni tí ó sì jẹ̀bi ni.

Ọ̀rọ̀ ti Amẹ́ríkà le ju èyí lọ. Ní Yunifásítì Baylor, ní ìlú Waco, tí ó jẹ́ ilé-ìwé àwọn onígbàgbọ́ Onítẹ̀bọmi, àwọn obìnrin akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀sùn kan àwọn agbábọ́ọ̀lù pé wọ́n fipá bá wọn lòpọ̀. Ní ọdún 2014 ilé-ẹjọ́ rán ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù náà lẹ́wọ̀n ọdún 20. Ìwádìí ọdún 2016 fi hàn pé àwọn aláṣẹ kò ka ẹ̀sùn àwọn obìnrin náà sí, wọ́n sì lé olórí olùkọ́ agbábọ́ọ̀lù lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2021, NCAA, àjọ tí ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì níbẹ̀, sọ pé òfin òun kò ní ohun tí òun lè fi jẹ ilé-ìwé náà níyà lórí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí, nítorí bí wọ́n ti ṣe sí agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n ṣe sí akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo. Owó ìtanràn 5,000 dọ́là ni wọ́n bù fún wọn, lórí àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké mìíràn.

Kò yẹ kí adájọ́ hùmọ̀ òfin lẹ́yìn tí a ti dẹ́ṣẹ̀ tán, nítorí náà n kò bá wọn wí. Àwọn tí kò ṣe òfin náà tẹ́lẹ̀ ni mo bá wí. Àjọ yìí kan náà ti ní òfin lórí owó tí a bá fún agbábọ́ọ̀lù lábẹ́lẹ̀!

Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 2012, àjọ náà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 60 dọ́là fún Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pẹnsilfáníà tí a ń pè ní Penn State, níbi tí olùkọ́ agbábọ́ọ̀lù kan ti ba àwọn ọmọdékùnrin jẹ́ fún ọdún púpọ̀. Wọ́n ní kí a ná owó náà fún ààbò àwọn ọmọdé. Èyí tọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n wọ́n tún fi òfin dè wọ́n kúrò nínú ìdíje ìparí ọdún, òfin tí wọ́n mú kúrò ní ọdún 2014. Àwọn ọ̀dọ́ tí èyí dé bá kò jẹ èrè kankan nínú ìwà búburú náà. Wọn kò dà bí ti Niamey.

Katikísìmù Ìjọ Kátólíìkì, ní nọ́mbà 1868, kọ́ wa pé a lè pín nínú ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn bí a bá dákẹ́ nígbà tí ó jẹ́ ojúṣe wa láti sọ̀rọ̀ tàbí láti dí i lọ́wọ́, tàbí bí a bá dáàbò bo aṣebi. Èlí àlùfáà kò jalè nínú ẹbọ bí àwọn ọmọ rẹ̀. Ó bá wọn wí pẹ̀lú ẹnu, ṣùgbọ́n ó fi wọ́n sílẹ̀ nídìí pẹpẹ. Ọlọ́run kà á sí i lọ́rùn. Kí ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òde nìkan ni. Nínú Ìjọ wa pẹ̀lú ni a ti bo irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí mọ́lẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí Póòpù Francis fi ṣe òfin ní ọdún 2019 pé kí àlùfáà tí ó bá mọ̀ nípa rẹ̀ fi tó àwọn aláṣẹ Ìjọ létí, àti pé a ó wádìí bíṣọ́ọ̀bù tí ó bá bò ó mọ́lẹ̀. Àṣírí ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kò sí lábẹ́ òfin náà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ Lẹ́ńtì, níbi Ìsìn Ìyàn, a ó bi àwọn bàbá àti ìyá ìsàmì yín léèrè níwájú ìjọ bóyá ẹ yẹ. Ẹ̀rí ni wọn yóò jẹ́, bí ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé ìbí. Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ sọ gbogbo òtítọ́ nípa ara yín fún wọn.