Bí Wọn Ò Bá Tiẹ̀ Dá Wa Mọ̀ Mọ́

 

*Bíbélì kíkà:* Jẹ́nẹ́sísì 48:1-20

Wọ́n ránṣẹ́ sí Jósẹ́fù pé ara bàbá rẹ̀ ò yá. Jósẹ́fù yìí kì í ṣe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ o! Òun ni igbákejì Fáráò, ìkáwọ́ rẹ̀ ni gbogbo oúnjẹ Íjíbítì wà. Ó lè fi ẹrù oúnjẹ rán ìránṣẹ́. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló dìde, ó sì mú Mánásè àti Éfúráímù dání. Ẹ wo ẹsẹ kejì: bí wọ́n ṣe sọ fún Jákọ́bù pé ọmọ rẹ̀ dé, arúgbó tó ń ṣàìsàn yìí gbìyànjú, ó jókòó lórí ibùsùn. Ẹnikẹ́ni ò fún un lóògùn o. Ìròyìn pé ọmọ dé ló gbé e dìde.

Ojú bàbá ti di bàìbàì. Ó ti tó bí ọdún 17 tó ti wà ní Íjíbítì, síbẹ̀ ó wo àwọn ọmọ náà, ó béèrè pé ta ni wọ́n. Jósẹ́fù ò kanra. Ó sọ ẹni tí wọ́n jẹ́, ó sì sún wọn mọ́ bàbá. Bàbá sì dì mọ́ wọn.

Ará, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyí. Àwọn kan nínú yín tẹ́ ẹ wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òbí nínú ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Àwọn ará ilé sì máa ń sọ pé ẹ lọ da màmá yín síbẹ̀. Bí àìsàn bá ti ju agbára ilé lọ, tí wọ́n ń ṣubú, tí wọ́n ń jáde lóru láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ, ilé yẹn kọ́ lẹ̀ṣẹ̀. Kí ẹsẹ̀ ọmọ wọ́n níbẹ̀, ibẹ̀ lẹ̀ṣẹ̀ wà.

Ẹnìkan á ní, "Evangelist, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe? Wọn ò mọ̀ mí mọ́. Kí n tó dé ilé, wọ́n á ti gbàgbé pé mo wá." Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọ ọjọ́ mẹ́jọ, ṣé ẹ mọ orúkọ wọn ni? Síbẹ̀ wọ́n ń jí lóru nítorí yín. Àìsàn ìgbàgbé tí dókítà ń pè ní dementia lè gba orúkọ, ó lè gba ojú. Ṣùgbọ́n ìfọ̀kànbalẹ̀ tí ọwọ́ ọmọ fi sílẹ̀ máa ń pẹ́ lára wọn ju ìrántí pé ọmọ wá lọ. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu.

Nǹkan míì tún wà. Fún ẹlòmíì, Òyìnbó tó ti ń sọ látọdún pípẹ́ ló kọ́kọ́ máa ń lọ, Yorùbá á wá ṣẹ́kù. Olùtọ́jú á rò pé ìrànrán ni màmá ń ṣe, kó sì jẹ́ pé omi ni wọ́n ń tọrọ! Ta ló máa gbọ́ ọ bí kò bá ṣe ẹ̀yin?

*Bí ẹ bá lọ:*

1. Ẹ má bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ mọ̀ mí?" Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ dárúkọ ara yín, ẹ ki oríkì wọn.

2. Ẹ wo ètè wọn bóyá ó gbẹ. Ẹ wo èékánná wọn. Ẹ sọ fáwọn olùtọ́jú pé àwa kì í pe àgbà lórúkọ, kí wọ́n máa pè wọ́n ní Màmá.

3. Ẹ má máa tọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn sọ́nà. Jósẹ́fù fẹ́ gbé ọwọ́ bàbá rẹ̀ kúrò lórí àbúrò, ó rò pé ó ṣì í gbé ni. Bàbá ní òun mọ ohun tí òun ń ṣe. Ìbùkún ṣì wà lẹ́nu wọn o!

4. Ẹ̀yin tí òkun wà láàárín yín, ẹ bẹ olùtọ́jú kó gbé fóònù sí wọn létí.

*Àdúrà:* Olúwa, má jẹ́ kí ọwọ́ mi dí ju ti Jósẹ́fù lọ. Bí òbí mi bá gbàgbé mi, ràn mí lọ́wọ́ kí n má gbàgbé wọn. Lórúkọ Jésù. Àmín.

*Iṣẹ́ òní:* Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ mú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ, kẹ́ ẹ sì mú ọmọ kan dání.

Ọjọ́ òní á san wá o.